Ta Ni Yóò Dáná sí Ẹ́ńjìnì Àtijọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó yíyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti onígbèsè tí kò fẹ́ san. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Ní ìpàdé kan tí a ṣe láìpẹ́, nígbà tí akápò ti ka owó tán, tí a ń retí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹgbẹ́ wa, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Jámánì, fi àwòrán kan hàn wá. Ẹ́ńjìnì rélùwéè eléèéfín ni, irú èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀, dúdú minimini, tí èéfín ń rú túú lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó mẹ́rin dúró tì í, epo àti èédú kùn wọ́n lójú bí ẹni tó jáde láti inú ààrò, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n o. Olùkọ́ ni ọ̀kan, akọ̀wé báńkì ni èkejì, àwọn méjì yòókù ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ tọ́jú ẹ́ńjìnì náà. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ fún wọn. Àwọn gan-an ló ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún.

Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mushin ló kọ́kọ́ lanu: “Ẹ gbà mí o! Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n tún ń sanwó. Èrè ibẹ̀ dà?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a rí i pé ìbéèrè náà kọjá ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín lásán. Bí ẹgbẹ́ bá ń kówó jọ fún ohun tí kò ní èrè, ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ní Jámánì, dísẹ̀lì àti iná mànàmáná ló lé ẹ́ńjìnì eléèéfín kúrò lójú irin. Oṣù kẹwàá ọdún 1977 ni rélùwéè ìjọba Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn pa iná èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnì eléèéfín kankan kò gbọdọ̀ gba orí irin wọn kọjá mọ́, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ́ aládàáni. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di 1985, nígbà tí rélùwéè pé 150 ọdún nílẹ̀ wọn. Ta ni yóò ṣe irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ láìsí èéfín? Ní apá Ìlà-Oòrùn ẹ̀wẹ̀, ó di 1988 kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀ lórí àwọn ojú irin ńlá. Èyí tí wọ́n bá ti pa tì, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Àwọn kan ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Ní 1964 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì oṣù keje 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ tiwọn ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Bruchhausen-Vilsen, tí kò jìnnà sí Bremen. Òun ni ojú irin àkọ́kọ́ tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn gbà tọ́jú ní Jámánì. Títí di òní ni wọ́n ń wà á, nǹkan bí kìlómítà 8, títí dé Asendorf. Ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnì wọn, Hannover ni wọ́n ti rọ ọ́ ní 1899. Ìbú ojú irin wọn jẹ́ mítà kan géérégé. Tiwa àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ láti Ìddó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6, ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju tiwọn lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ojú wa kò rí rí. Àwọn Jámánì yìí kan náà ló la ojú irin ní Tógò nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀, láti Lomé dé Aného ní 1905, wọ́n sì dé Kpalimé ní 1907.

Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹgbẹ́ wọn ló wọ̀ wá lọ́kàn jù. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n ní alága, wọ́n ní akápò, wọ́n ń ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Owó ẹgbẹ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó wá gun ọkọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, àti ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń náwó. Ẹni tí kò lówó a mú ọwọ́ rẹ̀ wá. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé bí owó bá ṣẹ́ kù, wọn kò gbọdọ̀ pín in. Inú ẹ́ńjìnì ni yóò padà sí. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀dọ̀ Jámánì náà ni irú ẹgbẹ́ tiwa yìí ti rí àpẹẹrẹ. Raiffeisen, tí wọ́n bí ní 1818, ló kó àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn jọ sínú ẹgbẹ́ ìyáwó. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Strickland yẹ ọ̀ràn náà wò ní Nàìjíríà ní 1934, tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní 1935, ipasẹ̀ yẹn ni wọ́n ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ inú ẹ́ńjìnì náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò rí i rí. Ẹni tó bá ti se mọ́ínmọ́ín ti mọ ìdajì rẹ̀. Bí omi bá hó nínú ìkòkò tí a dé, ooru a máa gbé ọmọrí sókè. Ìkòkò irin gbọọrọ ni ẹ́ńjìnì yìí, tí wọn kò jẹ́ kí ọmọrí rẹ̀ ṣí rárá. Èédú ń jó nínú ààrò lẹ́yìn, iná rẹ̀ ń gba inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láàárín omi, omi a hó, ooru a kó jọ, agbára rẹ̀ a le. Bí dírẹ́bà bá ṣí i sílẹ̀, ooru náà a ti irin kan síwá sẹ́yìn, irin náà a sì yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán ló ń gba ihò èéfín jáde, tó ń dún fúkù-fúkù.

Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ó yí tí yóò ta. Ẹ́ńjìnì ńlá tí yóò lọ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti ń dáná sí i, díẹ̀díẹ̀, nítorí bí irin bá gbóná lójijì, ó lè sán. Ẹnì kan ní láti sùn tì í. Bí ọkọ̀ bá dé lálẹ́, wọn a kó eérú, wọn a da epo sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ìgbà dé ìgbà, wọn a fọ inú ìkòkò nítorí ẹfun tí omi ń fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé àṣẹ rẹ̀ a tán, wọn a tú u palẹ̀ fún àyẹ̀wò. Níbi àyẹ̀wò yìí ni owó ńlá ń lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a sì máa tọ́jú owó fún un bí ẹni ń dá àjọ. Kì í ṣe ìyọlẹ́nu lásán o. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá 1977, ní ibùdókọ̀ Bitterfeld ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, omi kò tó nínú ẹ́ńjìnì kan, ìkòkò rẹ̀ bú gbàmù, ènìyàn 9 sì kú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Ní 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ l'Ékòó kó sì bọ́ sílẹ̀ ní Kánò. Láti 1902 títí di 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré eléèéfín kan tún wà tó ń gba orí afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ ròyìn rẹ̀ fún wa: obì láti Agége ń gòkè lọ sí Kánò, àlùbọ́sà àti màlúù ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Àwa tí a dàgbà ní ìtòsí Èbúté Mẹ́ta àti Yábàá, fèrè rélùwéè ni aago wa. Ní 1945, nígbà tí ọjà wọ́n tí owó oṣù kò sì gbé sókè, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu ṣáájú wà lára àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ tó lé ní ogójì. Àwọn tí ń ju èédú sínú iná wà nínú wọn.

Kí ló kù? Nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Ilé Jaekel ni wọ́n ń pè é, orúkọ Francis Jaekel, ọ̀gá rélùwéè àtijọ́ tó kọ ìtàn Rélùwéè Nàìjíríà jáde ní apá mẹ́ta ní 1997. Ilé náà ti ń bàjẹ́ lọ kí ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tó bẹ́ sí i. Àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin tó jẹ́ ayàwòrán ilé sì ṣe gudugudu méje nídìí iṣẹ́ yìí. Ní nǹkan bí 2010 ni wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n sì kó àwòrán rélùwéè àtijọ́ sínú rẹ̀. Ẹ rí i pé irú àwọn ará Bruchhausen-Vilsen wà láàárín wa.

Ṣùgbọ́n ilé àti àwòrán ni a tọ́jú. A kò ní ẹ́ńjìnì tó ń mí. Láti oṣù kẹfà 2021, ọkọ̀ tuntun ń lọ sí Ìbàdàn láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní ẹ̀gbẹ́ Alágoméjì, kìlómítà 157, ó sì tutù nínú, ó dára. A kò bá a jà. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé àwọn tó mọ bí a ti ń dáná sí ti àtijọ́ ti darúgbó. Irin lè dúró nínú koríko fún ogún ọdún kí a tó wá a rí. Ọwọ́ tó mọ ìgbà tí iná fẹ́ èédú kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí á kọ́kọ́ tún òrùlé ọjà ṣe, wọn kò jẹ̀bi. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba ni. Èyí ni a kò gbà: ní Jámánì, rélùwéè ìjọba ló ń lé e lọ, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ló dì í mú.

Ní Sátidé kan, àwa mẹ́fà lọ sí Ilé Jaekel. Ìyá alálùbọ́sà bá wa lọ, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i bóyá èrè wà níbẹ̀. Ó dúró níwájú àwòrán kan pẹ́ títí. Ó ní irú ọkọ̀ ẹrù yìí ni ìyá òun máa ń dúró dè ní Ìddó, àti pé bí ọkọ̀ bá pẹ́, àlùbọ́sà a ti hù kí ó tó dé. Ó wá yíjú sí wa, ó béèrè èló ni owó ẹgbẹ́ àwọn Jámánì yẹn lọ́dún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ó ní kí a lọ béèrè. A ti fi ìyẹn sí ètò ìpàdé tó ń bọ̀, lẹ́yìn kíka owó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá ti ju èédú rí, kí ó mú un wá, tàbí kí ó mú ohunkóhun tó bá fi sílẹ̀ wá: àwòrán, fìtílà, ìwé iṣẹ́. Akọ̀wé yóò kọ orúkọ sílẹ̀.