Bàálù VC10 àti Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀

VC10 ni bàálù jẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Vickers ṣe ní Weybridge, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1962, tí BOAC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1964. Kì í ṣe èèṣì ni Èkó fi ṣáájú New York, nítorí pé ọ̀nà Áfíríkà àti Éṣíà gan-an ni BOAC tìtorí rẹ̀ béèrè fún bàálù náà.

Ojú ọ̀nà ìsáré, ìyẹn títì gbọọrọ tí bàálù ń sá lórí rẹ̀ kí ó tó gbéra, kò gùn púpọ̀ ní Kánò nígbà náà. Oòrùn ibẹ̀ tún ń mú kí afẹ́fẹ́ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kì í gbé ìyẹ́ bàálù dáadáa, agbára ẹ́ńjìnnì pàápàá a sì máa dínkù nínú rẹ̀. Nítorí náà ni Vickers ṣe kó ẹ́ńjìnnì Conway mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Rolls-Royce ṣe sí ìdí bàálù, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, kí ohunkóhun má baà dí ìyẹ́ lọ́wọ́, kí àwọn pátákó tí ń yọ jáde níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ lè tóbi, kí bàálù sì lè gbéra tàbí kí ó balẹ̀ láìsáré jù. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà di ohun ẹ̀yìn, èyí tí inú àwọn èrò dùn sí gidigidi.

Lára àwọn tó rà á, BOAC gba 12 nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́, Ghana Airways gba 2, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì sì gba 14 tí ó ní ilẹ̀kùn ńlá fún ẹrù. Super VC10, tí ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bíi mítà mẹ́rin, kọ́kọ́ fò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1964. BOAC gba 17, East African Airways gba 5.

Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò ju 54 lọ, nígbà tí Boeing 707, bàálù tí ó ń bá a díje, lé ní 800. VC10 ń jẹ epo jù ú lọ, àti pé nígbà tí àwọn pápákọ̀ fa ojú ọ̀nà wọn gùn, 707 náà rí ibi balẹ̀ sí, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe VC10 sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá.

Nigeria Airways ra ọ̀kan lọ́wọ́ BOAC ní ọdún 1969, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 5N-ABD. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún náà, bí ó ti ń ti Lọ́ńdọ̀nù gba Róòmù àti Kánò bọ̀, ó já lulẹ̀ sínú igbó kí ó tó dé ojú ọ̀nà pápákọ̀ Ìkejà ní Èkó, gbogbo èèyàn 87 inú rẹ̀ sì kú. Boeing 707 ni ilé-iṣẹ́ náà rà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni ó lo VC10 pẹ́ jù, tí wọ́n fi ń bu epo fún bàálù mìíràn lójú òfurufú títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013.