Ojú Rọ́bọ́ọ̀tì: Iṣẹ́ tí Ọmọ Yín Ń Ṣe ní Yunifásítì

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ mi, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ọdún 2016 tí ẹgbẹ́ ti ràn mí lọ́wọ́ lórí owó ilé-ìwé dígírì kejì, kò sí ìpàdé tí n kì í gbọ́ ìbéèrè kan náà: "Ọ̀mọ̀wé, rọ́bọ́ọ̀tì tí yóò máa gún iyán ńkọ́?" Ẹ ó rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. (N kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé o, ẹ̀yin ni ẹ ti fi jẹ mí.) Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tó kọjá, ìyá wa kan tó ń ta tòmátì ní ọjà Sábóńgàrì bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí èsì gidi fún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ẹ̀rọ rẹ bá ti mọ tòmátì ṣà, kí ni àwa yóò máa ṣe?" Èsì wọn ni mo fẹ́ kọ síbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Rọ́bọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí ó ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, tí ó ń pinnu ohun tí yóò ṣe, tí ó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá da òkúta sí i lẹ́nu, òkúta náà ni yóò fẹ́ lọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ojú ni ìpín tèmi. Kámẹ́rà ni ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò ríran, ó kàn ń ka iye ìmọ́lẹ̀ ni. Àwòrán kékeré tí kámẹ́rà mi ń yà pín sí ojú wínníwínní 640 ní ìbú àti 480 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 307,200. Ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, láti 0 dé 255: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ aró. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀yin rí bíi tòmátì kan lórí tábìlì, nọ́ńbà 921,600 ni lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ọgbọ̀n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí a kọ "tòmátì" sí.

Àwọn tó kọ́kọ́ dáwọ́ lé e rò pé kò ní pẹ́. Ní ọdún 1966, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Seymour Papert kọ ìwé kan tó ṣètò pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà ìsinmi fi ìsinmi ọdún kan ṣoṣo kọ́ apá tó jọjú nínú ohun tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà ríran. A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní. Ní Stanford ní ọdún 1979, ọkọ̀ kékeré tí Hans Moravec ń bá ṣiṣẹ́ la yàrá tí àga kún inú rẹ̀ já láìsí ẹni tó darí rẹ̀. Ó gbà á tó wákàtí márùn-ún. Yóò rìn bí mítà kan, yóò dúró, kámẹ́rà rẹ̀ yóò sún láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, yóò ya àwòrán mẹ́sàn-án, yóò sì máa rò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tó fi ń sún kámẹ́rà, ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ di ojú òsì, kí ẹ ṣí i, kí ẹ di ti ọ̀tún. Àtàǹpàkò yóò dàbí ẹni pé ó fò. Ohun tó bá sún mọ́ wa ló ń fò jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Moravec yìí kan náà kọ ọ́ ní ọdún 1988 pé ó rọrùn kí kọ̀ǹpútà ta ayò bí àgbàlagbà ju kí ó ríran kí ó sì rìn bí ọmọ ọdún kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọmọ pọ̀n, tí ọmọ náà sì rí ìyá rẹ̀ lókèèrè láàárín èrò ọjà, mọ ohun tó ń wí.

Ní ọdún 2016 tí mo bẹ̀rẹ̀, kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run káàkiri òkè Ọya, ẹ rántí bí apẹ̀rẹ̀ kan ṣe wọ́n tó. Tòmátì wà lẹ́nu gbogbo ayé, ni èmi náà bá mú un. Mo fẹ́ kí apá ẹ̀rọ kan máa ya èyí tó ti pọ́n kúrò lára èyí tí kò tíì pọ́n. Nínú èdè tiwa, ohun tó bá pọ́n, pupa ló di, mo sì rò pé ìyẹn ti tó: kí kọ̀ǹpútà wo nọ́ńbà pupa, kí ó pín in. Nínú yàrá ìṣèwádìí wa ó ṣiṣẹ́ débi pé olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó.

A gbé e lọ sí oko kan ní Kadawa, lójú ọ̀nà Zaria, nínú ọyẹ́. Ní òwúrọ̀, ó ń ju èyí tó pọ́n sọ́dọ̀ èyí tí kò pọ́n. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń dán lára tòmátì, ẹ̀rọ ní funfun ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá ló pọ́n lójú rẹ̀, títí kan ìka ọwọ́ mi. Mallam tó ni oko dúró wò wá títí, ó fa apẹ̀rẹ̀ náà sọ́dọ̀, ó sì ṣà á tán kí n tó tan kọ̀ǹpútà padà. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ká wá jẹun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà iṣẹ́ dé láti ilé ìfowópamọ́ kan. Ìbátan wa kan ló bá mi wá a. Owó tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà mo kọ̀wé pé n kò wá. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. N kò lè sọ pé ìgboyà ni. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣe tòmátì náà ni.

Ohun tó ṣe é nìyí. Ojú ènìyàn ń ṣe àtúnṣe fún wa láìsọ fún wa. Aṣọ funfun lábẹ́ àtùpà ti pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n funfun la ó pè é. Kámẹ́rà náà ń gbìyànjú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí pupa bá gba ojú àwòrán, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pupa kúrò. Oògùn rẹ̀ kò ju páálí kan lọ: mo bo ojú ibi tí tòmátì ń gbà kọjá, mo fi gílóòbù oníbátìrì tèmi sínú rẹ̀, mo pa àtúnṣe kámẹ́rà, mo sì lẹ ìwé funfun mọ́ igun kan kí ẹ̀rọ máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Owó ọkọ̀ wa sí Kadawa ju owó gbogbo rẹ̀ lọ.

Èyí tó kù ni ẹ̀kọ́. Láti ọdún 2012 ni ọ̀nà àtijọ́, tí a fi ń kọ òfin sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ti ń kógbá sílé. Ọdún yẹn ni Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton, ní yunifásítì Toronto, fi àwòrán bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá kọ́ kọ̀ǹpútà, tí àṣìṣe rẹ̀ nínú ìdíje fi jẹ́ 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 26.2. Àpẹẹrẹ ló kù tí a ń kó jọ báyìí. Ohun tí a kò bá sì kó sínú àpẹẹrẹ, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, àti Timnit Gebru fi hàn pé ẹ̀rọ kan tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ṣì í mọ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ tó 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8 lọ.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, tí kò parí títí di oṣù kẹwàá, owó oṣù dúró. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ìyá wa yẹn ni mo wá jókòó sí pẹ̀lú kámẹ́rà, mò ń ya àwòrán, wọ́n ń sọ èyí tó pọ́n fún mi, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fún mi ní oúnjẹ ọ̀sán. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé tòmátì kan náà tí wọ́n pè ní "ó ti pọ́n" lánàá, "kò tíì pọ́n" ni wọ́n pè é lónìí. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá, ti àná, obìnrin tó fẹ́ se ọbẹ̀ lálẹ́ ló ń rà á. Ti òní, ọkọ̀ tó ń lọ sí Mile 12 ní Èkó ni. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀ ló lè dé Èkó láìfọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà pín pípọ́n tòmátì sí ìpele mẹ́fà nínú ìwé, gbogbo rẹ̀ ni mo ti há sórí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ibi tí apẹ̀rẹ̀ ń lọ ló ń sọ èyí tí à ń wá. Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ tí mò ń kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ìsọ̀ yẹn ló ti wá.

Ìyá wa, èsì yín rèé. Ẹ̀rọ mi kò mọ ibi tí apẹ̀rẹ̀ ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tẹ tòmátì wò bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀. Lónìí, kò lè gba iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n irọ́ ni bí mo bá ní kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Ní California, láti bí àárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń fi àwọ̀ ya tòmátì sórí ẹ̀rọ ìkórè, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣà á níbẹ̀ sì dín kù. Àwọn tó ní oko ńlá ló ra ẹ̀rọ náà, kì í ṣe àwọn tó ń ṣà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá páálí àti gílóòbù kékeré jìjàkadì, kí owó rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ alátà lè dá jọ. N kò tíì débẹ̀. Apá ẹ̀rọ náà ló wọ́n, òkè òkun la ti ń ra mọ́tò rẹ̀, ọ̀kan sì jóná ní oṣù tó kọjá.

Mo ti gbé e wá o. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, bátìrì ló ń lò, kò sí ohun tí iná mànàmáná lè fi ṣe wá. Kí àwọn ọmọdé má fi ọwọ́ kan apá rẹ̀ bó bá ń yí. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú apẹ̀rẹ̀ kan wá láti ìsọ̀, ẹ má sì bá mi ṣà á tẹ́lẹ̀.