Bí A Bá Yáwó Rán Ọmọ Lọ Sílùú Òyìnbó

Bí ẹ bá fẹ́ yáwó ẹgbẹ́ kí ọmọ lè lọ gboyè kejì ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀ kí onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé.

Kí ọmọ tó béèrè físà, owó ilé-ìwé tó kù àti owó ìgbọ́bùkátà gbọ́dọ̀ sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko, lórúkọ ọmọ tàbí ti òbí. Bó bá dín lọ́jọ́ kan péré, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fà á yọ ra ọjà o!

Bó bá gúnlẹ̀, owó ilé, aṣọ òtútù àti owó ọkọ̀ ti ń dúró dè é. Kó tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, torí ó ti sanwó ìtọ́jú mọ́ físà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, wákàtí 20 péré lófin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn olóyè kejì kò lè mú aya tàbí ọkọ dání mọ́.

Nítorí náà, ọjà tí à ń tà níbí ni ká fi ṣírò àtisan gbèsè, kì í ṣe owó tọ́mọ yóò fi ránṣẹ́. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà mìíràn.