Kí Dókítà Tó Yọ Eyín Náà

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín àfi ìgbà tí oorun bá ti dá lójú wọn. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n á ti fi omi gbígbóná oníyọ̀ fọ ẹnu, wọ́n á ti ki áṣáà bọ ihò eyín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń da omi bátìrì ọkọ̀ sí i, èyí tó ń bó ẹran ẹnu. Bí wọ́n bá wá jókòó sórí àga, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: "Dókítà, ẹ bá mi yọ ọ́." Dókítà á dárúkọ ìtọ́jú méjì mẹ́ta tí kì í ṣe yíyọ, kò ní yé wọn, wọn ò sì ní bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni eyín tó ṣeé wò sàn ṣe ń bọ́ sínú àwo.

Bí ìdíbàjẹ́ eyín bá ṣe jìn tó ló ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Ara òde eyín, enamel, ló le jù nínú gbogbo ara èèyàn, kò sì ní iṣan ìmọ̀lára kankan. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò fi lè máa jẹ ẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí onítọ̀hún má mọ̀. Kòkòrò yìí kì í ṣe ìdin. Bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ni. Ó ń sọ ṣúgà di ásíìdì, ásíìdì náà ló ń dá ihò sí eyín. Tó bá wọ dentine tó wà lábẹ́ enamel, omi tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn. Tó bá dé pulp ní àárín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, oorun tán.

Bí ihò náà kò bá tíì dé pulp, filling ló kàn. Dókítà á ha ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, á sì fi amalgam tàbí composite dí i. Amalgam jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, mẹ́kúrì sì tó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Composite jọ àwọ̀ eyín, iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń mú un le.

Bó bá ti dé pulp, root canal ló kàn. Òun ló ń ba èèyàn lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gba eyín sílẹ̀ lọ́wọ́ yíyọ. Dókítà á gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, á ta rọ́bà pẹlẹbẹ yí eyín ká kí itọ́ má baà wọ ọ́, á lu ihò láti òkè. Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa fi ha ẹran tó ti wú tàbí tó ti kú jáde nínú gbòǹgbò. Eyín iwájú sábà máa ń ní ojú ihò kan péré. Eyín ẹ̀yìn lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń pẹ́. Á fọ̀ wọ́n, á fi x-ray wo bí wọ́n ṣe gùn tó, á sì fi gutta-percha, oje igi tó jọ rọ́bà, dí wọn pa. Bó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn, wọ́n sábà máa ń fi crown bò ó lórí bíi fìlà, torí eyín tí wọ́n ti lu ihò sí tètè ń fọ́. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ní àwọn dókítà tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí ní àkọ́jinlẹ̀.

Àhesọ tó yí scaling, ìyẹn híha òkúta kúrò lára eyín, ká pọ̀. Wọ́n á ní ó ń mú eyín mì, ó sì ń la àlàfo sí i. Ìdọ̀tí tí búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín fi sílẹ̀ ló ń gba kálísíọ́ọ̀mù láti inú itọ́, tí ó sì ń le bí òkúta. Lábẹ́ òkúta yìí ni erìgì ti ń wú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí egungun tó di eyín mú sì ń run díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ha òkúta náà kúrò, àlàfo tó dí tẹ́lẹ̀ á hàn. Yorùbá fẹ́ràn eéji, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ eléyìí kì í ṣe eéji: erìgì ló ti sún sẹ́yìn kí wọ́n tó ṣe scaling rárá. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ erìgì ṣeré, torí àìsàn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn eyín kan wà tí yíyọ náà ló tọ́ sí wọn: eyín ọgbọ́n tó dùbúlẹ̀ nínú egungun tó sì ń dá wàhálà sílẹ̀, tàbí eyín tó ti fọ́ wọnú gbòǹgbò. Èyí tí wọ́n bá fi rọ́pò lè jẹ́ denture tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lálẹ́, bridge tó fẹ̀yìn ti eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí implant, ìdè titanium tí wọ́n ń rì mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Implant ló sábà máa ń gbówó lórí jù.

Kódà eyín tó ti jábọ́ pátápátá lè padà. Bí ọmọ ilé ìwé bá ṣubú tí eyín àgbà rẹ̀ fò jáde, kí wọ́n di orí eyín náà mú, kì í ṣe gbòǹgbò. Kí wọ́n má ṣe fi kànìnkànìn bó o. Bó bá dọ̀tí, kí wọ́n rọra ṣàn án, kí wọ́n dá a padà sí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi í sínú mílíìkì tútù, kí wọ́n gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kí wákàtí kan tó pé. Eyín wàrà nìkan ni wọn kì í dá padà, kó má baà ṣe eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ léṣe.