Ajagungbalẹ̀ ní Lẹ́kí àti Àjàh: Ibi Tí Ọwọ́ Òfin Dé

Láti Lẹ́kí dé Àjàh àti àyíká rẹ̀, ìwà ọ̀daràn àfẹgbẹ́ṣe tó sún mọ́ aráàlú jù lọ ni ti ajagungbalẹ̀. Ní Badore, Langbasa, Sangotedo àti Abíjọ, ẹni tó ra ilẹ̀ kì í san owó ilẹ̀ nìkan. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti dé láti gba owó ìpìlẹ̀. Bí ilé bá ṣe ń ga sí i, wọ́n á tún gba owó fẹ́ǹsì, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Ẹni tó bá ní òun kò san, wọ́n á gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bíríkìlà rẹ̀, wọ́n á lé àwọn lébìrà, wọ́n á sì dá típà tó gbé yanrìn wá padà.

Ẹnì kan kò lè dá irú iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹnì kan ló máa gbé ìwé ìdájọ́ àtijọ́ jáde. Ẹlòmíràn á ya ìwé sọ́fè tó na ààlà kọjá ibi tí kóòtù dá a sí, agbẹjọ́rò kan á kọ ìwé títà, àwọn tó gbé àdá àti ìbọn á já wọ orí ilẹ̀. Nígbà mìíràn ẹnì kan tún wà ní àgọ́ ọlọ́pàá tó máa rí i pé ẹni tó wá fẹjọ́ sùn gan-an ni wọ́n tì mọ́lé. Ẹni tó fi àdá lé bíríkìlà ni ọwọ́ sábà máa ń tẹ̀. Ẹni tó rán an níṣẹ́ wà nílé rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ àwọn ẹbí onílẹ̀ kò dẹ́kun títa ilẹ̀ tí wọ́n jogún. Nígbà tí ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ là, ilẹ̀ tó jẹ́ irà àti oko àgbọn di ohun tí olówó ń wá kiri. Ilẹ̀ tí ìjọba gbà, èyí tó yọ̀ǹda padà fún abúlé, àti èyí tí ẹbí méjì ń du ní kóòtù wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìsí ààlà tí ojú lásán lè rí. Inú rúdurùdu yìí ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2016, Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ìyà ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin náà kò gbà kí ọlọ́pàá tàbí fijilanté fúnra wọn lọ mú ìdájọ́ kóòtù ṣẹ lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù tí òfin yàn ni. Òfin náà tún kan agbẹjọ́rò àti àwọn oníṣẹ́ ìwé mìíràn tó bá ran àwọn ajagungbalẹ̀ lọ́wọ́.

Láti mú ẹni tó ń rán àwọn ọ̀daràn níṣẹ́, Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin RICO tí wọ́n ṣe lọ́dún 1970 ń fìyà jẹ ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ ọ̀daràn, bí olùpẹ̀jọ́ bá lè fi hàn pé ó kéré tán, ẹ̀ṣẹ̀ méjì tó tan mọ́ ara wọn wáyé láàárín ọdún 10. Ẹni tí wọ́n ṣe níkà lè pẹjọ́ gba ìlọ́po mẹ́ta ohun tó pàdánù. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ní tiwọn. Ti Georgia ni wọ́n fi dá àwọn òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ 11 lẹ́bi ní Atlanta lọ́dún 2015 lórí ayédèrú èsì ìdánwò.

Èkó kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ẹ̀sùn pé àwọn ènìyàn lẹ̀dí àpò pọ̀ láti dẹ́ṣẹ̀, èyí tó wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ náà. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí ohun tí ọ̀kan nínú wọn sọ tàbí ṣe láti mú ète wọn ṣẹ di ẹ̀rí lòdì sí àwọn yòókù. Nípa báyìí, ọwọ́ lè tẹ ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ náà rí. Ṣùgbọ́n olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ láìsí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Bí ọlọ́pàá bá sì gba ìjẹ́wọ́ láìsí agbẹjọ́rò níbẹ̀, tí wọn kò sì ká a sílẹ̀ lórí fídíò, àìbófinmu ni ní Èkó.

Àléébù tó tóbi jù wà nínú òfin ọdún 2016 fúnra rẹ̀. Ó ka gbígba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀ṣẹ̀, ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sì wà fún un. Ṣùgbọ́n ó yọ owó ìpìlẹ̀ tí ẹbí onílẹ̀ ń gbà nípa àṣà, lábẹ́ àṣẹ olórí ẹbí, sílẹ̀. Àbùjá yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá: gbogbo ẹni tó dá típà padà ló ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú ẹbí. Ìdáàbòbò fún àṣà dára, àmọ́ bíríkìlà kò lè wádìí ẹbí kankan nígbà tí àdá ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ikọ̀ amúṣẹ́ṣe tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ajagungbalẹ̀ kì í sì í pinnu ẹni tó ni ilẹ̀. Olùjẹ́jọ́ tó bá ti sọ pé ilẹ̀ ẹbí òun ni, yóò gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹjọ́ ilẹ̀, èyí tó lè lo ju ọdún 10 lọ kí ó tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ.