Bí Ọlọ́run Bá Ti Mọ Ohun Tí A Ó Yàn

“Bí Ọlọ́run bá ti mọ̀ bóyá ara mi yóò yá tàbí kò ní yá, kí ni ààwẹ̀ mi fẹ́ fi kún un?” Kò sí olùṣọ́-àgùntàn tí kò ní bá ìbéèrè yìí pàdé. Kí a tó pe ẹni tó bi í ní aláìgbàgbọ́, ẹ jẹ́ kí a wo àdììtú kan tí William Newcomb, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ronú kàn, tí Robert Nozick sì gbé jáde ní 1969.

Àpótí méjì wà níwájú rẹ. Ọ̀kan ṣí sílẹ̀, dọ́là 1,000 wà nínú rẹ̀. Ìkejì wà ní dídé: bóyá dọ́là 1,000,000 ló wà níbẹ̀, bóyá òfo ni. O lè mú èyí tí a dé nìkan, o sì lè kó méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tí kì í sábà ṣi èrò ènìyàn mọ̀ ti mọ ohun tí wàá ṣe láti àná. Bó bá rí i pé èyí tí a dé nìkan ni wàá mú, ó ti fi mílíọ̀nù náà sí i. Bó bá jẹ́ méjèèjì ni, kò fi kọ́bọ̀ sí i.

Àwọn kan ní kí o kó méjèèjì: ohun tó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀, ọwọ́ tí o nà lónìí kò lè tún àná ṣe. Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń kó méjèèjì náà ni dọ́là 1,000 péré ń bá délé. Ẹni tó ní ààwẹ̀ kò wúlò ń ronú bíi ti àwọn àkọ́kọ́. Èrò wọn kò ṣe é bì wó pẹ̀lú ọwọ́ kan, àmọ́ wọ́n gbàgbé pé yíyàn rẹ gan-an ni ẹni náà mọ̀. Ká ní ọ̀tọ̀ ni ohun tí wàá yàn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ì bá ti mọ̀.

Ẹ wo Dáfídì ní Kéílà, nínú 1 Sámúẹ́lì 23. Kò pẹ́ tó gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn Fílístínì tó gbọ́ pé Sọ́ọ̀lù ń gbèrò ibi sí òun. Ó ní kí Ábíátárì mú éfódù wá, ó sì bi Olúwa: ṣé Sọ́ọ̀lù yóò wá? Ṣé àwọn ará ìlú yóò fa òun lé e lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn méjèèjì. Dáfídì kò jókòó kó máa sunkún kádàrá. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, nǹkan bí 600, kúrò níbẹ̀. Sọ́ọ̀lù gbọ́, kò sì wá mọ́. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, síbẹ̀ Ọlọ́run kò ṣì í sọ. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Dáfídì bá dúró ni ó sọ. (Luis de Molina, àlùfáà Jẹ́súítì ará Sípéènì, kọ ìwé ńlá tó dá lórí irú ìmọ̀ yìí ní 1588, àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin kò gbà fún un, a kò sì ní parí ìjà náà níhìn-ín.)

Ẹni tó wà nídìí àpótí kì í sọ ohun tó mọ̀ fún ọ. Olúwa sọ fún Dáfídì kí ó lè gbéra ni. Nítorí náà, ẹni tí wòlíì sọ fún pé òun rí ewu, tó wá ka ìkìlọ̀ náà sí ìdájọ́ tó ti parí, kò tíì gbọ́ ọ dáadáa. Hesekáyà gbọ́ pé òun yóò kú. Ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, a sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìlérí yẹn, Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà.