KÓKÓ INÚ ỌYÀN: ÀGBO, ÀDÚRÀ ÀTI ILÉ ÌWÒSÀN

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní abúlé. Bí ó ti ń wẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọyàn rẹ̀, kékeré bí ẹyọ ẹ̀wà. Kò dùn ún, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì se àgbo fún un. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ìyá ọkọ rẹ̀ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ aláàdúrà, ó sì ń fi omi àdúrà wẹ̀. Oṣù mẹ́rin tún kọjá. A sọ fún un nípa oníṣègùn kan ní ìlú kejì, èyí sì sín in ní gbẹ́rẹ́ yí kókó náà ká. Kí ọdún kan àbọ̀ tó pé, ọyàn náà ti di egbò, apá rẹ̀ sì ti wú. Nígbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó kú, àwọn ará ilé rẹ̀ wí pé, "Ọ̀bẹ dókítà ni ó pa á."

Àpèjúwe ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa. Kò sí ọ̀tá nínú ìtàn náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó kú. Ohun tí ó ṣe é ní ibi ni àkókò tí ó ti lọ láìpadà. Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ni a fẹ́ là yé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ohun tí àrùn náà jẹ́

Àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni a fi kọ́ ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pè wọ́n. Ní ara tí ó le, wọ́n ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n tí ó yẹ, èyí tí ó gbó ń kú, òmíràn sì ń gba ipò rẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kọ̀ láti tẹ̀lé òfin yìí. Wọ́n ń pọ̀ sí i láìdúró, wọ́n sì di kókó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ọyàn nìkan ni wọ́n wà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọ́n ń rìn lọ sí abíyá, wọ́n sì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí egungun, sí ẹ̀dọ̀ àti sí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n bá ti dé àwọn ibi wọ̀nyí, dókítà lè mú kí ara fúyẹ́, ó sì lè fa ẹ̀mí gùn, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀ láti lé àrùn náà kúrò pátápátá. Bí a bá bá a nígbà tí ó ṣì wà nínú ọyàn nìkan, ọ̀pọ̀ ni ó ń yè. Àwọn àgbà ti wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, obìnrin 2,300,000 ni a rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé, àwọn 670,000 sì kú nípa rẹ̀. Ó ń mú ọkùnrin pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: kókó nínú ọyàn tàbí ní abíyá, ọyàn kan tí ìrísí rẹ̀ yí padà, awọ ọyàn tí ó rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú tí ó wọlé sínú, àti ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí ń jáde ní orí ọmú ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú. Ẹ kíyè sí i pé kókó náà kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àìdunni rẹ̀ ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Ìdí tí a fi ń yin àgbo tí a sì ń bú ọ̀bẹ

Ẹnìkan lè wí pé, "Mo mọ obìnrin tí àgbo wo kókó ọyàn rẹ̀ sàn." Ó lè jẹ́ òtítọ́ pé kókó náà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Púpọ̀ nínú wọn ni kò léwu rárá. Omi lásán ni ó wà nínú àwọn kan, àwọn mìíràn sì jẹ́ oówo ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú. Nínú ìwọ̀nyí, òmíràn ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá lọ nígbà tí a ń mu àgbo, àgbo ni a ó yìn. Ojú àti ọwọ́ nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn dájúdájú. Àfi bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹran kókó náà, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi.

Ní ìdà kejì, ẹni tí ó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni a ń rántí, a kì í sì í rántí ọdún kan àbọ̀ tí ó fi dúró sílé. Kì í ṣe ọ̀bẹ ni ó tàn àrùn náà káàkiri ara. Àrùn náà ti tàn kí ọ̀bẹ tó dé. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń gé ọyàn kúrò. Bí kókó bá kéré, a lè yọ òun nìkan, kí a sì fi ìtànṣán ẹ̀rọ tọ́jú ọyàn tí ó kù.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2007, a tẹ ìwádìí kan jáde láti Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ti Nàìjíríà ní Enugu. A bi ènìyàn 160 tí wọ́n ní oríṣiríṣi jẹjẹrẹ léèrè, 104 nínú wọn sì ti lo ìtọ́jú mìíràn yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Ewé àti egbò, àti àdúrà ìwòsàn, ni ó pọ̀ jù. Nínú àwọn tí ó lò ó, nǹkan bí 67 nínú ọgọ́rùn-ún wí pé àwọn kò rí àǹfààní kankan. Ju ìdajì wọn lọ ni kò sọ fún dókítà, ìdí tí ó sì pọ̀ jù ni pé dókítà kò béèrè.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale gbé ìwádìí méjì jáde ní ọdún 2018. Èkínní fi hàn pé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn wọn kò tíì tàn dé ibi tí ó jìnnà, tí wọ́n sì kọ ìtọ́jú ilé ìwòsàn sílẹ̀ pátápátá, wà nínú ewu ikú ju ìlọ́po 5 ti àwọn tí ó gbà á lọ. Èkejì wo àwọn tí ó ní oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, tí wọ́n gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn díẹ̀ tí wọ́n sì fi òmíràn kún un. Ewu ikú tiwọn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kọ apá kan ìtọ́jú tí dókítà là sílẹ̀, bí iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Fífi òmíràn rọ́pò ìtọ́jú, tàbí fífi òmíràn dá a dúró, ni ewu ńlá náà.

A kò kẹ́gàn ewé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń fi ojú tín-ínrín wo ewé àti egbò. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí dókítà ń lò fún jẹjẹrẹ ọyàn, tí a ń pè ní paclitaxel, láti ara èèpo igi kan tí ń jẹ́ yew ni a ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 1962 ni a bó èèpo náà ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1971 ni Monroe Wall àti Mansukh Wani pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn kéde ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọdún 1994 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọyàn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni a fi mọ ìwọ̀n tí ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n tí ń pani, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó. Àgbo inú ìgò kò tíì la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọjá.

Oògùn jẹjẹrẹ lágbára púpọ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni ó sì ń gbé ẹrù rẹ̀. Bí a bá da àgbo tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e, ẹrù náà lè pọ̀ jù. Ewéko kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, St. John's wort, ń dín agbára àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan kù. Aáyù púpọ̀ kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù. Gbẹ́rẹ́ àti ohun tí ń jó awọ lè sọ kókó di egbò tí kò ní jinná.

Àwọn ohun kan wà tí kò bá ìtọ́jú jà. Àdúrà ń tu ọkàn nínú, ó sì ń fún aláìsàn ní ìgboyà láti padà lọ gba abẹ́rẹ́ tí ó kàn. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí agbára bá ti mọ, ń dín àárẹ̀ kù. Oúnjẹ tí ó ṣara lóore àti ẹbí tí ń dúró tini kò ní ohun tí a lè fi wé wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Obìnrin tí ó bá rí kókó, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí wọ́n lè darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá ti ń mu àgbo, kí ó gbé ìgò rẹ̀ dání, kí ó sì sọ fún dókítà láìtijú. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè pẹ̀lú sùúrù, ẹ má sì bú u, nítorí ẹni tí a bá bú lónìí yóò fi pamọ́ lọ́la.

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin ni a ń kọ́kọ́ sọ fún. Owó ìtọ́jú kò kéré, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kókó kékeré kò wọ́n tó ti egbò ńlá. Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin wòlíì, àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé yín. Bí obìnrin bá mú ọ̀rọ̀ kókó ọyàn wá bá yín, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ náà, kí ó tó padà wá sọ́dọ̀ yín.